Máàpù ayé tí mo rà ní Akúrẹ́: ó wuyì lára ògiri, àmọ́ ẹ bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè máàpù ńlá tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi nínú fọ́tò tí mo gbé síta lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ n sọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, torí mi ò lè máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù ìwé kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà níbí ní Akúrẹ́ ni mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. ₦9,000 ni wọ́n pè é, mo ná an títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó, mo san ₦7,500, wọ́n wá fi páálí ṣọ́ọ̀kì kan ṣe èènì.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti dáa kí n má bàa dà bí aláìmoore. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ṣe lámínéètì sí i tojú tẹ̀yìn, igi pẹlẹbẹ wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀, okùn ti wà lára ẹ̀ látilé wá, ìṣó kan péré lẹ máa rà. Ọmọ kan da omi gààrí sí i lára lọ́sẹ̀ tí mo gbé e kọ́, mo fi ràgì nù ún, ó mọ́ féfé. Lẹ́tà ẹ̀ tóbi, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátá lórí bẹ́ǹṣì máa ka Brazil láì dìde. Igun kan lápá ọ̀tún nìkan ni lámínéètì ẹ̀ ti ń ṣí, mo ti fi sẹ́lótéèpù mú un. Àsíá gbogbo orílẹ̀-èdè wà nísàlẹ̀, máàpù kékeré ti Nàìjíríà sì wà ní kọ̀rọ̀ kan. Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ìràwọ̀ 5 gbáko ni mi ò bá fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí ni ọmọkùnrin kan tó wà ní JSS2 gbé fóònù mi (mo kì í fún wọn o, ó kàn mú un ni), ó ní, "Àǹtí, Zaire tó wà níbí yìí, Google ní kò sí mọ́." Mo ní kò sí mọ́ bíi ti báwo, ilẹ̀ tó tóbi tó yẹn. Mo bá dìde lọ wò ó. Lóòótọ́, Zaire ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kó jẹ́ Congo. Mo wá South Sudan, kò sí. Sudan ṣì wà ní odidi bí iyán tí wọn ò tíì bù. Bẹ́ẹ̀ 'New Edition' gàdàgbà ni wọ́n kọ sí i lórí o, wọn ò wá kọ ọdún kankan síbì kankan, mo wò ó tojú tẹ̀yìn.

Bàbá onílé wa ló gbà wá. Tíṣà Government ni wọ́n fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí iyán tutù mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ kàn dárúkọ orílẹ̀-èdè kan létí wọn ni. Wọ́n gbọ́ ariwo wa, wọ́n bá yọ sí faràńdà tàwọn ti síngílẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá Tolú, èló lo ra eléyìí?"

"₦7,500 ni, sà."

"Háà. Arúgbó ni wọ́n tà fún ọ, wọ́n kàn fi àtíkè kùn ún lójú."

Wọ́n fa àga, wọ́n ní kí àwọn ọmọ gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sókè yẹn, kí wọ́n wo ààlà, pé máàpù tó bá fi ọjọ́ orí pamọ́, ààlà ara ẹ̀ á tú àṣírí ẹ̀. Eré yẹn dùn mọ́ wọn ju lẹ́sìnnì mi lọ, mo gbà. Wọ́n rí Eritrea lọ́tọ̀ lára Ethiopia, Bàbá ní 1993 ni wọ́n pínyà, a jẹ́ pé máàpù yìí ò lè ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ orí. Czech dá wà, Slovakia dá wà, ọdún 1993 kan náà. Àsíá South Africa tó wà nísàlẹ̀, ti aláwọ̀ mẹ́fà ni, oṣù kẹrin 1994 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìyẹn nígbà tí Mandela ń bọ̀ wá jọba. Ó ti ń súnmọ́. Zaire yí orúkọ padà ní oṣù karùn-ún 1997, a jẹ́ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Adó fi lọgun níbi máàpù kékeré ti Nàìjíríà: "Àǹtí! Wọ́n fi Adó-Èkìtì sínú Ondo State!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. 1 oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì lára Ondo, ìpínlẹ̀ Nàìjíríà di 36. Ó parí. Láàárín 1994 sí 1996 ni wọ́n ya ohun tí mo rà ní 'New Edition'. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àwọn ọmọ yìí gan-an ò tíì pàdé ara wọn nígbà yẹn.

Inú bí mi, mo gbé ọkadà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́ èsì tí ọ̀dọ́kùnrin tó tà á fún mi fún mi: "Màmá, ayé náà kọ́ ni? Ṣé ayé ti kúrò níbi tó wà ni?" Ó ní àwọn kì í gba ọjà padà. Mílíìkì inú agolo ní déètì, bọ́rẹ́dì orí láílọ́ọ̀nù ní déètì, máàpù tó ń sọ fún ọmọ mi pé ta ló ni ilẹ̀ wo ni ò ní. Mo kàn gbé ara mi padà sílé, ìràwọ̀ kan ti já bọ́ nìyẹn fún kọ́sítómà sáfíìsì.

Àmọ́ Bàbá ní kí n má sọ ọ́ nù. Wọ́n ní kí n lọ ra máàkà tí kì í parẹ́, torí lámínéètì ni, ká máa kọ déètì tí wọ́n ṣe orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí i lórí fúnra wa, ìrọ̀lẹ́ kan, ilẹ̀ kan. Láti ìgbà yẹn ni máàpù yìí ti di nǹkan míì sí mi lójú. Tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe ń wò ó, àfi bíi pé Ọlọ́run ló fa gbogbo ìlà yẹn lọ́jọ́ tó dá ayé. Italy, 1861, ọdún kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Jámánì, 1871. Àwọn ọmọ ò gbà, wọ́n ní Jámánì tó ń ṣe Benz ni àbí òmíì? Mo ní òun náà ni, ìtẹ́ Déjì tó wà ní Ọjà Ọba níbí àti ti Ọ̀ṣemàwé ní Oǹdó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó àwọn ilẹ̀ ọmọ ọba Jámánì jọ sábẹ́ ìjọba kan.

Ibi tá a ti pẹ́ jù ni 1648. Bàbá ní àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ pé ọdún yẹn ni wọ́n bí gbogbo ètò orílẹ̀-èdè tó dá dúró yìí, nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ìlú Münster àti Osnabrück ní ilẹ̀ Jámánì láti parí ogun tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún jà láti 1618, pé látìgbà yẹn ni ìjọba kọ̀ọ̀kan ti di ọ̀gá nílé ẹ̀ tí ará ìta ò gbọdọ̀ dá sí i. Wọ́n ní ká kọ ọ́, àmọ́ ká fi àmì ìbéèrè ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé náà fúnra ẹ̀, ta ló máa gba ilẹ̀ wo, ẹ̀sìn wo ni wọ́n máa fàyè gbà, ta ni wọ́n máa dárí jì, òun ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Àwọn ilẹ̀ kéékèèké Jámánì tó tó bí 300 ṣì wà lábẹ́ olú-ọba kan lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba olú-ọba yẹn ò sì tú ká títí di 1806 tí Napoleon fi fún un lọ́rùn. Nǹkan kan ṣá ti yí padà. Póòpù Innocent Kẹwàá kọ̀wé pé òun ò fara mọ́ àdéhùn yẹn rárá, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà kan rí, ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Kó tó di ìgbà yẹn ńkọ́? Àṣẹ ń gun ara wọn lórí ni. Ní 1329, Edward Kẹta tó jẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn lọ sí Amiens ní ilẹ̀ Faransé, ó lọ júbà ọba Faransé nítorí ilẹ̀ tó ní lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Ọba nílé, ìjòyè lẹ́yìn odi. Nígbà tí Bàbá sọ ìyẹn àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, torí bí tiwa náà ṣe rí kọ́ nìyẹn? Ìlú Èkìtì á ní ọba tó dé adé, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn á tún jókòó sáàárín ìlú, á máa gba tiẹ̀, á máa jẹ, á máa mu, títí ìyà ọ̀hún fi kún ojú tí Èkìtìparapọ̀ dìde, tí ogun Kírìjì bẹ́, tó jẹ́ pé 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kun irú ìlú bẹ́ẹ̀ lára máàpù, àwọ̀ ta lẹ máa kùn ún? Ààlà oko, pèrègún la fi ń mọ̀ ọ́n. Ti ìlú, oníbodè ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó. Igbó tó wà láàárín ìlú méjì, kò sẹ́ni tó ń fi okùn wọ̀n ọ́n pé ibí yìí gan-an ni tèmi parí sí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú tó wà lára máàpù mi yìí, tó ń sọ pé lápá ibí ìjọba yìí ló ni ohun gbogbo, ìṣísẹ̀ kan péré sí i kò ní nǹkan kan mọ́, ìyẹn kò pẹ́ láyé rárá.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Berlin lórí Áfíríkà ló mú Bàbá bínú (ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn làwọn NEPA mú iná lọ, inú òkùnkùn la ti gbọ́ ọ). Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé wọ́n fi rúlà pín Áfíríkà síbẹ̀ bí ẹni ń gé kéèkì ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní rárá o. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè 14 ló jókòó láti oṣù kọkànlá 1884 sí oṣù kejì 1885, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kan níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀ ni wọn ò pè. Àmọ́ òfin ìjà ni wọ́n ṣe níbẹ̀, pé ẹni tó bá gba etíkun kan kó fi tó àwọn yòókù létí, kó sì ní àṣẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìlà fúnra ẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó fà á lẹ́yìn náà, nínú ọ́fíìsì London àti Paris. Tiwa lápá ìwọ̀ oòrùn, 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ́kọ́ fà á láti etí òkun lọ sókè, wọ́n sì tún jókòó ní 1898 lórí èyí tó kù. Ìlà yẹn ló fi Kétu àti Ṣábẹ̀, tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, sọ́dọ̀ Faransé, tó fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ará Kétu sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń ta aṣọ máa ń ná ọjà Kétu, Yorùbá ló fi ń ná an, séfà ló fi ń san án, kọ́sítọ́ọ̀mù ló sì ń tú ẹrù ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ 1889 sórí ìlà yẹn, kì í ṣe sáàárín orílẹ̀-èdè.

Nàìjíríà gba déètì méjì. 1 oṣù kìíní 1914, ọjọ́ tí Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. 1 oṣù kẹwàá 1960, ọjọ́ òmìnira. Bàbá fi ìkẹta kún un tí èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: 7 oṣù kẹwàá 1960, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wá wọlé. Wọ́n ní ìyẹn ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Torí kò tó kéèyàn sọ pé òun ti dá dúró, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Ní 1933, ní Montevideo, àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí ìlú gbọ́dọ̀ ní kó tó di orílẹ̀-èdè: èèyàn tó ń gbébẹ̀, ilẹ̀ tó ní ààlà, ìjọba, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní àjọṣe. Ó rọrùn lórí ìwé. Biafra ní èèyàn, ó ní ìjọba, ó ní àsíá, ó ní owó tiẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ló dá a mọ̀: Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia àti Haiti. Nígbà tí Bàbá dé ibẹ̀ wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá na ọwọ́ sí apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, wọ́n ní, "Òrè níbí ni wọ́n dá wọn dúró sí, 1967." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, "ó le kú, ìjà Òrè". Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti wọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ Èkó láìmọye ìgbà, mi ò ronú ẹ̀ rí pé ààlà orílẹ̀-èdè kan fẹ́ẹ̀ bá wa dé ibẹ̀.

Ọmọ JSS2 yẹn (á dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú) wá bi Bàbá pé nígbà tí àwọn òyìnbó ti lọ, kí ló dé tí wọn ò tún ààlà pín dáadáa. Ìbéèrè gidi. Wọ́n ní àwọn àgbà OAU, ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, jókòó sí i ní Cairo, oṣù keje 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Addis Ababa, wọ́n sì fẹnu kò pé ààlà tí kálukú bá nígbà tó gba òmìnira ni kó dì mú. Somalia ò gbà, Morocco ò gbà. Àwọn yòókù mọ̀ pé tí wọ́n bá tú ìdí ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò sí ẹni tí ò ní rí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ lódìkejì ìlà, ogun ò sì ní tán. Èmi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni tàbí ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ méjèèjì.

Bakassi wà nínú Nàìjíríà lára máàpù wa, àwọ̀ ewé. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́, torí ẹjọ́ ò tíì parí nígbà yẹn. 2002 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague sọ pé ti Cameroon ni, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì kọ láàárín ara wọn ní 1913 sì wà lára ohun tí wọ́n gbé e kà. Nàìjíríà jiyàn pé ààbò nìkan làwọn ọba Calabar gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1884, pé ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́lé kò lè ta ilé náà. Wọn ò gbọ́. Ní oṣù kẹjọ 2008, a kó èyí tó kù fún wọn. Ọmọ mi Tolú ló fi máàkà kọ 2008 síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ kéré, lẹ́tà ẹ̀ wọ inú òkun.

Ohun míì tí mo fẹ́ bá wọn wí lára máàpù yìí ni pé ó kun gbogbo wọn bákan náà. Nauru tí èèyàn ẹ̀ ò tó 15,000 wà níbẹ̀ bí àmì ẹ̀yìn ẹyẹlé, China wà níbẹ̀ bí ẹni tó na ẹsẹ̀ kálẹ̀, ìbò kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ní báyìí tí wọ́n bá jókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn 51 ló dá àjọ yẹn sílẹ̀ ní 1945. Áfíríkà nìkan fi 16 kún un lọ́dún 1960 tiwa yẹn. Wọ́n ti di 193 báyìí, South Sudan ni àbígbẹ̀yìn, oṣù keje 2011. Bí máàpù bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kó kọ ọdún sábẹ́ orúkọ, nọ́ńbà mẹ́rin péré, àyè wà. Mo bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù míì méjì, ní Ọ̀yẹ́mẹkùn àti lápá Aràkàlẹ̀, bóyá wọ́n ní irú ẹ̀. Ọ̀kan ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ìkejì tún fẹ́ ta èyí tí mo ní yìí fún mi, ₦10,000!

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ìwé ẹ̀ lágbára, ó yẹ owó ẹ̀, ó dáa fún ọmọ tó ń kọ́ ibi tí odò wà àti ibi tí òkè wà, ìwọ̀nyẹn ò tíì yí padà. Tó bá jẹ́ torí JAMB tàbí WAEC lẹ fẹ́ rà á, ẹ má sanwó kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ kọ́kọ́ wo Sudan, tó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ dá a padà. Ẹ wo Swaziland náà, Eswatini ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti 2018. Tí wọ́n bá ní ayé náà ni, ẹ rọra máa lọ. Ẹni tó bá sì ní bàbá onílé bíi tiwa lè ra ti arúgbó, àmọ́ kó ná an kọjá ibi tí mo ná an dé, kó sì ra máàkà dúdú, ti pupa ti ń parẹ́ lára tiwa.

Lánàá ni àwọn ọmọ pín Sudan sí méjì. Tolú ló mú rúlà, èkejì ẹ̀ ló fa ìlà. Bàbá ní kí wọ́n dúró tí wọ́n bá dé Abyei, kí wọ́n fo ibẹ̀, torí àwọn méjèèjì ṣì ń bára wọn du ú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀, ìlà dúdú, àlàfo kékeré kan, ìlà dúdú.